Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀rọ Ìgékoríko Wo Ló Yẹ Àgbàlá Yín?

Bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé ní Abidjan, kò sẹ́ni tó nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé ìgbà òjò ti dé. Koríko ló máa sọ fún un. Ẹ gé e lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo ó ti bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di oṣù keje, ó ti kan orúnkún, àwọn ọmọ ò sì ní rí bọ́ọ̀lù wọn mọ́ nínú rẹ̀.

Ní ilé bàbá mi ní Bingerville, koríko yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìka méjì lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́dún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Èjìgbò ni bàbá mi. Bíi ti ọ̀pọ̀ òbí wa níbí, Treichville ni wọ́n ti ṣòwò fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, inú àgbàlá tí ìdílé mẹ́jọ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ àgbàlá náà. Koríko tó wà níbẹ̀ ò ju èyí tó bá yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lọ. Nígbà tí bàbá wá kọ́ ilé tiwọn sí Bingerville, wọ́n ní kí wọ́n gbin koríko síwájú ilé kí wọ́n tó ra àga pálọ̀ pàápàá. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ mi á ti máa ṣeré."

Ilẹ̀ koríko náà ò tóbi. Mo wọ̀n ọ́n: mítà 10 ní gígùn, mítà 8 ní ìbú. Àdá ni bàbá fi ń gé e níbẹ̀rẹ̀, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London gbọ́, ó sì fi ẹ̀rọ ìgékoríko elépo ránṣẹ́ nínú kọ̀ntéńà. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó tó kílò 30. Gbogbo wa yọ̀, bàbá gbàdúrà fún un títí.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Okùn tí wọ́n ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó tàn le ju apá bàbá lọ, ni àbúrò mi bá gba iṣẹ́ náà ní Sátidé Sátidé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, koríko tútù dí ẹ̀rọ náà. Àbúrò mi pa á, ó dà á dẹ̀gbẹ́, ó sì ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fa koríko náà jáde. Bó ṣe yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà báyìí, ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná sọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Wọ́n rán ìka méjì fún un lọ́jọ́ náà. Ọpẹ́ ni pé àwọn ìka náà ò gé kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ò ká dáadáa mọ́ títí di òní.

Ta la fẹ́ bá wí? Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́. Ìfẹ́ ni ẹni tó rà á fi rà á. Àṣìṣe wa ni pé a ò bi ara wa bóyá ẹ̀rọ náà àti ilé náà bá ara wọn mu. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí, tí mo ń bi àwọn tó ń tà á ní Adjamé léèrè, tí mo sì ń ka ìwé tó máa ń bá ẹ̀rọ wá tí a kì í kà. Ohun tí mo rí rèé.

Ṣé ẹ fẹ́ ṣán an ni, àbí ẹ fẹ́ rẹ́ ẹ?

Ẹ̀kọ́ èdè ni mo kọ́, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Èdè wa ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ koríko. À ń fi ọwọ́ tu ú. À ń fi ọkọ́ ro ó. À ń fi àdá ṣán an. Èyí tó bá sì ti wà létòlétò, tí a kàn fẹ́ dín gígùn rẹ̀ kù bí irun tàbí èékánná, à ń rẹ́ ẹ ni. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, irinṣẹ́ wọn sì yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ rí. Oríṣi méjì ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà gé koríko. Àkọ́kọ́ ń rẹ́ ẹ: ọ̀bẹ rẹ̀ pàdé irin kan nísàlẹ̀, koríko há sáàárín, ó gé e bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ. Ìkejì ń ṣán an: ọ̀bẹ kan ń yí bíríbírí lábẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń ju àdá. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tì sábà máa ń rẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníná àti elépo ń ṣán an. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó ń rẹ́ ẹ ló kọ́kọ́ dáyé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edwin Budding, ló ṣe é lọ́dún 1830, nítòsí ìlú Stroud. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ní ó ti rí ọgbọ́n náà: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ òwú tó yọ lójú aṣọ kí aṣọ náà lè jọ̀lọ̀. Lọ́dún 1899, John Albert Burr, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba wọn lórí ẹ̀rọ kan tí koríko gígé ò ní máa tètè dí. Ẹ ò rí i pé ohun tó ṣe àbúrò mi ní jàǹbá ti ń da àwọn ènìyàn láàmú láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tì

Táyà méjì ló ní, àti ọ̀bẹ bíi márùn-ún tó lọ́ yí ara wọn ká bí àgbá kékeré. Bí ẹ ṣe ń tì í, táyà ló ń yí ọ̀bẹ. Kò mu epo, kò ní wáyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju kílò 8 sí 15 lọ. Ariwo rẹ̀ ò ju ti àlùmọ́gàjí télọ̀ lọ, ẹ lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn, tàbí láàárọ̀ Sunday láìjẹ́ pé aládùúgbò bínú. Bí ẹni tó ń tì í bá dúró, ọ̀bẹ náà dúró.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí kò fẹ́. Koríko tó bá ti ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ṣe ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní gé e. Igi kékeré tó nípọn bí pẹ́ńsù lè dá a dúró. Kò sì fẹ́ ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun. Nítorí náà, nígbà òjò, ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ múra láti gé koríko ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra wọn. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àdá lẹ máa padà sí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì mú, ẹ fi bébà sáàárín ọ̀bẹ àti irin ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra fi igi yí i, kí ẹ má fi ìka. Bó bá gé bébà náà mọ́nnínmọ́nnín, kò síṣu lọ́rùn. Bó bá ń fà á ya, ó ti tó kí ẹ pọ́n ọn tàbí kí ẹ di ìdè rẹ̀. Atẹ́gùn òkun wa níbí máa ń mú irin dípẹtà kíákíá, pàápàá fún ẹ̀yin tó wà ní Port-Bouët. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo díẹ̀ ra á kí ẹ tó gbé e pa mọ́.

Ta ló yẹ? Ẹni tí ilẹ̀ koríko rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ju mítà 20 sí 10 lọ, tó sì lè máa rántí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀rọ oníná

Méjì ni wọ́n: èyí tó ń fa wáyà, àti èyí tó ní bátìrì.

Èyí tó ń fa wáyà fúyẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti elépo. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó tàn. Ní Abidjan níbí, níbi tí iná CIE ti ń dúró ju ti ilé lọ, ó bọ́gbọ́n mu fún àgbàlá tí kò ju bíi mítà 20 sí 15 lọ. Wàhálà rẹ̀ ni wáyà fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń gé koríko lè gé wáyà, ilẹ̀ wa sì máa ń tutù lọ́pọ̀ oṣù. Iná, omi àti wáyà tó ti bó: ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tẹ̀yìn wọn yọ.

Ohun mẹ́ta ló ń dènà rẹ̀. Èkíní, kí oníná yín so disjoncteur tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò mọ́ ibi tí ẹ ti ń fa iná, irú èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Èkejì, ẹ tú rallonge náà tán kúrò lára ìdì rẹ̀, nítorí èyí tó wà ní wíwé máa ń gbóná. Ẹ̀kẹta, ibi tó sún mọ́ ẹnu iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gé lọ síwájú, kí wáyà máa wà lẹ́yìn yín lórí ibi tí ẹ ti gé. Bí koríko bá tutù, ẹ má ṣe é rárá. Ọ̀la ò jìnnà.

Ẹ tún kíyè sí ibi tí ẹ̀bùn ti wá. Iná ilẹ̀ yìí jẹ́ bíi fóòtì 230. Ẹ̀rọ oníwáyà tó bá ti Amẹ́ríkà wá, fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa, yóò jóná. Èyí tó ti London wá kò ní ìṣòro yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà lórí wáyà rẹ̀ nìkan ni kò ní wọ ihò iná tiwa. Ẹni tó bá ń ra France-au-revoir, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kí ó tó dunàádúrà.

Ẹ̀rọ oníbátìrì kò ní wáyà tí yóò gé. Ó fúyẹ́, kò pariwo púpọ̀, kò sì rú èéfín. Bátìrì kan lè ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wà lọ́wọ́ bó ṣe tóbi tó àti bí koríko ṣe ki tó. Ó lówó lórí, bátìrì rẹ̀ sì máa ń gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì nìkan, àti bóyá ẹ lè rí i rà ní Abidjan. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú oòrùn tàbí nínú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀.

Ẹ̀rọ elépo

Mi ò ní tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa bú ẹ̀rọ elépo. Ó lágbára, kò bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí, ó sì lè gé koríko tó ki. Bí àgbàlá yín bá gbòòrò tó ìdajì plọ́ọ̀tì ńlá, bí ẹ bá ń tọ́jú ilẹ̀ ilé-ìwé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tó tó o.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ elépo ti ra ẹ́ńjìnnì sílé. Ẹ̀rọ kílò 25 sí 35 kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń gbé gun àtẹ̀gùn. Ọ́ìlì rẹ̀ ní àkókò tí a ń pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn fún un ń fẹ́ fífọ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń fẹ́ nínù. Epo tó bá pẹ́ ju nǹkan bí oṣù kan lọ nínú táńkì máa ń bàjẹ́, ó sì ń dí ọ̀nà epo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí ẹ gbé sílẹ̀ láti oṣù kejìlá kì í tàn mọ́ ní oṣù karùn-ún. Bó bá jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ pò, ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Ẹ má ṣe tan án nínú gáréèjì tàbí yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má bu epo sí i nígbà tó bá gbóná, ẹ má sì fi kẹ́ẹ̀gì epo pa mọ́ sí ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Ariwo rẹ̀ ga débi pé ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo etí. Nítorí èéfín rẹ̀, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 2021 tó ní kí àwọn tó ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ jáwọ́ nínú ṣíṣe tuntun elépo fún títà níbẹ̀ láti ọdún 2024.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí mo fẹ́ kí ẹ kà fún gbogbo ará ilé: kí ọwọ́ yín tó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ elépo, ẹ pa á, ẹ dúró kó tutù, kí ẹ sì fa wáyà tó wà lórí púlọ́ọ̀gì kúrò. Bí wáyà yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, yíyí ọ̀bẹ lè tan ẹ́ńjìnnì. Ti oníwáyà, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná. Ti oníbátìrì, ẹ yọ bátìrì. Igi ni kí ẹ fi ha koríko náà jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni àbúrò mi ò ní.

Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ńkọ́?

Ẹ ti rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ ọlọ́pàá gígùn kiri Cocody àti Riviera. Débroussailleuse ni àwa níbí ń pè é. Àwọn kan ní ọ̀bẹ irin lẹ́nu, àwọn mìíràn ní okùn ọ̀rá tó ń yí. George Ballas ní ìlú Houston ló gbé ti olókùn jáde lọ́dún 1971, lẹ́yìn tó wo bí búrọ́ọ̀ṣì ilé ìfọkọ̀ ṣe ń yí. Bí koríko yín bá ti di igbó, tàbí ewé Akíntọ́lá ti gbà á, èyí ló tó o. Kì í ṣe ti koríko tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Ó máa ń ta òkúta jìnnà, ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wà láàárín mítà 15 sí ẹni tó ń lò ó.

Fún ilẹ̀ tó di igbó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ má ra ohunkóhun. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ san owó rẹ̀, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì rí i pé ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti awò tó bo ojú.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó sanwó

1. Báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó? Ẹ fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀. Ti bàbá mi jẹ́ 80. Bí tiyín ò bá kọjá 200, ẹ wo àfọwọ́tì. Láti 200 sí 400, ẹ wo oníná. Bó bá ju 500 lọ, elépo tàbí bátìrì ńlá.

2. Irú ilẹ̀ wo ni? Ṣé ó tẹ́jú, àbí òkúta àti gbòǹgbò igi máńgòrò ló kún ibẹ̀?

3. Ibo ni agbára rẹ̀ yóò ti wá? Ṣé ẹnu iná wà níta? Ta ni yóò máa ra epo? Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́, ṣé ó wà nítòsí?

4. Ta ni yóò máa tì í? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, òun la sì máa ń gbàgbé. Ẹni tó ń sanwó ní London kọ́ ló ń gé koríko ní Bingerville.

Bí ẹ bá ti rà á

Ẹ má gé koríko kanlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ ni kí ẹ máa gé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí a gé débi tí ilẹ̀ fi hàn, oòrùn á sun ún, èpò á sì gba ipò rẹ̀. Ẹ ṣa òkúta, agolo àti ohun ìṣeré kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Agolo yẹn tún ń gba omi òjò, inú rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Koríko gígé tó kúrú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ajílẹ̀ ni.

Ẹni tó bá rò pé kí òun kúkú da sìmẹ́ńtì sí gbogbo rẹ̀ kí wàhálà tán, kó rántí omi tó ya wọ Riviera Palmeraie ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Koríko ń jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi. Sìmẹ́ńtì ń lé e lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni.

Ibi tí ẹ̀rọ náà wà báyìí

Lẹ́yìn tí ọwọ́ àbúrò mi san, bàbá pe gbogbo wa jọ, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi sórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀rọ tí o rà dára. Ilé tó yẹ ẹ́ kọ́ lo gbé e wá." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mi ò béèrè lọ́wọ́ yín."

Ilé wa ní Èjìgbò ní ilẹ̀ tó gbòòrò lẹ́yìn, iná ò sì dúró níbẹ̀. A fa epo àti ọ́ìlì inú ẹ̀rọ náà gbẹ pátápátá, a dì í, a sì gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Ó gba Ghana, Togo àti Benin kọjá kó tó dé. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó mọ ẹ́ńjìnnì ló ń lò ó níbẹ̀. Kó tó gbà á, a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ wáyà púlọ́ọ̀gì yẹn, a sì ní kó tún un sọ fún wa.

Ní Bingerville, àfọwọ́tì kékeré kan la rà. Ní àárọ̀ Sátidé, bí ìrì bá ti gbẹ, bàbá á wọ bàtà wọn, wọ́n á tì í lọ, wọ́n á tì í bọ̀. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ̀yìn ò dùn wọ́n. Àwọn ọmọ á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọn ò ní jáde títí bàbá fi máa gbé ẹ̀rọ náà pa mọ́, tí wọ́n á sì ní, "Ó yá, ẹ máa bọ̀."

Ẹ kú ìmúra òjò o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi iṣẹ́ ilé ṣèṣe.